Mo Dé Òlímpíìkì, Mi Ò Lúwẹ̀ẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó máa ń bí mi nínú jù bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé-ìwé tí wọ́n bá ti pè mí sí ní Adó-Èkìtì pé kí n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí èèyàn lè ṣe láyé, bí mo bá ti dìde, tí mo ní Morẹ́nikẹ́ lorúkọ mi, ọmọ Igbemo ni mí, iṣẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọmọ kan á ti nawọ́ sókè lẹ́yìn. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ béèrè kó tó la ẹnu. Á ní ṣé èmi ni mo ṣubú. Àwọn tó kù á bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wọn á ṣe bíi pé òun ń bá wọn wí, bẹ́ẹ̀ òun náà ń retí èsì.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ṣubú. Ó ti tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá ń rò ó bóyá eré ìdárayá ni kí òun gbájú mọ́ tàbí ìwé lè rí i kà, kí èmi náà sì sinmi.

Ẹ má sì sọ pé mo kéré láti máa pe ara mi ní ẹni tó fẹ̀yìn tì. Lóòótọ́, mi ò tíì pé ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tèmi, ẹni tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ti darúgbó. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, èjìká mi ọ̀tún ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ju àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lórí rédíò lọ.

Igbemo ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí ìrẹsì rẹ̀ gbajúmọ̀ débi pé àwọn ará Adó á dárúkọ ìrẹsì náà kí wọ́n tó rántí pé èèyàn ń gbé ibẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, títí di òní Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ìyá mi ní tirẹ̀ ń ṣòwò ìrẹsì, á kó o lọ sí àdúgbò Fájuyì ní Adó, á tà á, á padà wálé. Aládùúrà ni ìyá mi. Bàbá mi kì í ṣe Aládùúrà, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń kọrin inú ìwé tí wọ́n sì ń tètè jáde ni ó ń lọ. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni mo dàgbà sí.

Odò kan wà lẹ́yìn oko ìrẹsì wa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Lọ́jọ́ tí ìyá mi bá mi níbẹ̀, ó fi ariwo bọnu, ó fà mí jáde, ó sì gbé mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì ìjọ wọn. Wòlíì ní òun rí mi láàárín omi púpọ̀, pé mi ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan odò mọ́. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó béèrè pé ọmọ tó ń gbé lẹ́yìn oko ìrẹsì, bí wòlíì ò bá rí i láàárín omi, ibo ló fẹ́ rí i? Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Èmi ní tèmi padà sódò.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Fátúnlà kò gùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ fún ìpínlẹ̀ wa. Ó wá sí ilé-ìwé girama tí mo wà ní Adó, ó ní kí gbogbo wa na apá sọ́tùn-ún sósì, ó wá ń rìn kiri láàárín wa bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran. Apá mi ló wò, kò tiẹ̀ wo ojú mi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló gun ọ̀kadà dé Igbemo láti bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Ìyá mi ti ń wọ́ aṣọ funfun rẹ̀ sọ́rùn láti lọ sọ fún wòlíì, ṣùgbọ́n bàbá mi ní kó jókòó.

Bàbá mi gbà. Àmọ́ ó fi ọ̀rọ̀ kan sí i, ó sì wo èmi àti Ọ̀gá Fátúnlà lójú nígbà tó ń sọ ọ́. "Mo gbà kó lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ùwé-ẹ̀rí yunifásítì ni mo fẹ́ rí lára ògiri ulé yìí kí n tó kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyí. Ẹ jọ gbọ́?"

A jọ gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ohun méjì ti ń fà mí bí aṣọ tí àwọn ọmọdé ń bára wọn jà sí. Mo fẹ́ dé Òlímpíìkì, mo fẹ́ kí orúkọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú àkókò tí mo fi lúwẹ̀ẹ́ níwájú rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ ìwé-ẹ̀rí. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ fún yín pé èèyàn lè ṣe méjèèjì pọ̀ ní ìrọ̀rùn, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti gbìyànjú rẹ̀ rí.

Púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan la ń lò ní Adó, nítorí kò sí òmíràn tó gùn tó. Kí àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì tó jí ni a gbọ́dọ̀ ti wà nínú omi, kí wọ́n tó jẹun àárọ̀ tán ni a gbọ́dọ̀ ti jáde. Omi náà máa ń dúdú bí omi ẹ̀fọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀gá Fátúnlà fi okùn àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo pín in sí ọ̀nà-ọ̀nà. Ó máa ń so rọ́bà inú táyà mọ́ wa lẹ́sẹ̀, kí omi lè dá wa dúró, kí apá wa lè le.

Ṣé ẹ rò pé omi ni mo kọ́kọ́ kó sí? Rárá o. Orí bẹ́ǹṣì ló ní kí n dojú bolẹ̀ sí, kí n máa ju apá kan tẹ̀lé èkejì nínú afẹ́fẹ́, nítorí firísítáìlì ló fẹ́ kí n ṣe, ìyẹn ìlúwẹ̀ẹ́ tí èèyàn á dojú bo omi tí á máa ju apá síwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì á kọjá, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bi mí bóyá mo ti ń sún mọ́ èbúté. Lẹ́yìn náà ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi síwájú mi, ó ní kí n ki ojú bọ̀ ọ́, kí n máa mí síta nínú omi kí n máa mí sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé mo ti mọ̀wẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní ohun tí mo mọ̀ ni bí èèyàn ò ṣe ní kú sómi, pé ìyẹn yàtọ̀ sí uṣẹ́. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ó padà sílé nìyẹn. Ẹni tí kò bá kúnlẹ̀ kí i dáadáa, òun náà padà sílé.

Ohun tó le jù nínú gbogbo àṣà rẹ̀ ni ìpè. Oríkì ló fi ń pe gbogbo wa, kò fẹ́ràn orúkọ ilé-ìwé. Àbẹ̀kẹ́ ni tèmi. Ibikíbi tí o bá wà nínú omi náà, àní bí o bá ń sáré lọ gan-an, bí ó bá ti pè ọ́, o gbọ́dọ̀ dúró, kí o yọrí, kí o ní "Sà". Bí o bá wà lókè, ìwọ á tẹ orúnkún ba kí o tó dá a lóhùn. Bí o kò bá jẹ́ ẹ, ó ti lé ọ jáde fún ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Mo bínú sí àṣà yìí títí ó fi sú mi. Èèyàn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri kejì, ó máa pè é. Ìgbà tó yá ni ọ̀kan lára àwọn àgbà ibẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Nígbà tí Ọ̀gá Fátúnlà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ kan rì sínú omi lójú rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ tó ń pariwo ṣeré, kò sì sẹ́ni tó tètè mọ̀. Láti ìgbà yẹn, ó ní ẹni tí òun bá pè tí kò jẹ́, òun gbà pé ó ti rì.

Nítorí náà a ń jẹ́ ẹ. Kí eré ìdíje kankan tó bẹ̀rẹ̀ nílé, á pe oríkì wa níkọ̀ọ̀kan, a ó tẹ orúnkún ba, a ó ní "Sà", á wá ní "Máa lọ, máa bọ̀." Ìgbà yẹn ni a ó tó gun pèpéle tí à ń ti orí rẹ̀ bẹ́ sómi. Kò sí ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ara wa mọ̀ ọ́n bí ara yín ṣe mọ dídọ̀bálẹ̀ àti kíkúnlẹ̀, kò gba èrò.

Ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ni mo lọ kọ́ ní yunifásítì, ní Adó níbẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè ìdí, ohun tí wọ́n fún mi ni mo gbà. Àárọ̀ ní púùlù, ọ̀sán ní kíláàsì, ìrọ̀lẹ́ ní púùlù. Irun mi kì í gbẹ. Òórùn oògùn omi ni mo máa ń rùn nínú yàrá ìdánrawò, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á fi máa béèrè bóyá mo tún ti fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí a mú omi wá láti ibikíbi kí a wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ, mo mú omi púùlù wa lọ. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀. Ọjọ́ kejì, mo tún ki ojú bọ̀ ọ́, nítorí kí ni mo fẹ́ ṣe?

Olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa jẹ́ obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sùn sí kíláàsì, á béèrè níwájú gbogbo èèyàn bóyá odò ni mo wá kọ́ àbí ùwé. Bí mo bá sì pa ìlúwẹ̀ẹ́ àárọ̀ jẹ nítorí ìdánwò, Ọ̀gá Fátúnlà á béèrè bóyá ùwé ló máa bá mi ju apá. Wọn ò pàdé ara wọn rí, síbẹ̀ ó dà bíi pé wọ́n jọ ń gbìmọ̀ lórí mi. Ìyá mi ní tirẹ̀ á fi òróró tí wọ́n gbàdúrà sí ránṣẹ́, pé kí n máa fi pa iwájú orí kí n tó wọ omi. Òróró nínú omi. Mo kàn ń sọ pé ẹ ṣeun, Màmá.

Àfi ìgbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi ń sunkún pé ọjọ́ orí ń lọ, bàbá mi ń bá rédíò jà nílé, èmi nìkan ni inú mi dùn. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo jí, mo lúwẹ̀ẹ́, mo jẹun, mo sùn, mo tún lúwẹ̀ẹ́. Eré mi yá kọjá bó ṣe máa ń rí. Nígbà tí a lọ díje, mo wẹ irú àkókò tí ọmọbìnrin kankan láti ọ̀dọ̀ wa kò tíì wẹ̀ rí, wọ́n sì mú mi pé n óò lọ Òlímpíìkì, firísítáìlì tó kúrú jù, láti ògiri kan dé èkejì, kò sí yíyípadà. Ọ̀gá Fátúnlà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ bojú.

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó kàn. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ parí. Yunifásítì ní àwọn fẹ́ lé àsìkò tó sọ nù bá. Wọ́n sáré gbé ìdánwò àṣekágbá wa kalẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sì gbé e sí, ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lókè òkun gan-an ni. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ tó ràn mí lọ́wọ́ dé ibẹ̀ ló tún wá gbégi dínà. Mo rò ó, mo rò ó, mi ò mọ ẹni tí mo lè bá jà.

Mo lọ bẹ olórí ẹ̀ka. Mo kúnlẹ̀. Ó ní òun bá mi yọ̀, òun ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òun ò lè dá ìdánwò dúró nítorí ẹnì kan. Bí mi ò bá jókòó, n óò dúró kí n bá àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣe é. Mo wá lọ sí Igbemo. Bàbá mi ń ṣa ìrẹsì nínú àtẹ nígbà tí mo ń ṣàlàyé, kò gbójú sókè. Nígbà tí mo parí, ó ní òun ò ní sọ pé kí n má lọ. Òun ò sì ní sọ pé kí n lọ. Ó ní a ti jọ sọ ọ̀rọ̀ kan nínú ulé yìí, mo ti gbọ́ ọ, mo ti dàgbà.

Mo lọ. Ó dùn mí pé kò sìn mí dé ibùdókọ̀. Mo ń sọ fún ara mi nínú ọkọ̀ pé tí mo bá lúwẹ̀ẹ́ náà tán, tí ó rí i, yóò dárí jì mí.

Ẹ ò lè mọ bí omi ibẹ̀ ṣe mọ́ tó. Ojú tì mí láti wọ inú rẹ̀. Nílé, aago ọwọ́ Ọ̀gá Fátúnlà ló ń sọ àkókò wa, bó bá sín lójijì, àkókò rẹ ti bàjẹ́. Níbẹ̀, pátákó kan wà lára ògiri omi, bí ìka rẹ bá ti kàn án, àkókò rẹ ti yọ lójú gbogbo ayé. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ wọn le débi pé èèyàn méjì ló ràn mí lọ́wọ́ láti wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà yòókù ń fi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní Èkìtì ti dé, kí n sọ "ulé" kí wọ́n gbọ́. Mo sọ ọ́. Inú mi ń dùn.

Ohun kan ṣoṣo ni kò dùn mọ́ mi. Àyè kóòṣì, ìyẹn olùkọ́ni, létí omi, wọ́n ti fún ọkùnrin kan tó bá wa wá, ó wọ aṣọ eré ìdárayá láti òkè délẹ̀, mi ò sì rò pé ó lè lúwẹ̀ẹ́ la kòtò omi kọjá. Wọ́n ní kí Ọ̀gá Fátúnlà lọ jókòó lókè láàárín èrò ìwòran. Bàbá àgbà náà ò bá wọn jà. Ó ní ibi tí òun bá ti lè rí mi ti tó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á dúró lórí pèpéle tirẹ̀. Wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á ní kí ẹ múra, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó di etí pèpéle mú, ẹ kò sì ní mira. Ẹni tó bá kó sómi kí ohùn ìbẹ̀rẹ̀ tó dún, tirẹ̀ ti tán. Kò sí pé wọn á ní kó padà wá ṣe é.

Mo gun orí pèpéle. Mo wòkè, mi ò rí Ọ̀gá Fátúnlà. Mi ò mọ̀ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ti dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń tú àpò rẹ̀ wò. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a di etí pèpéle mú. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ láti òkè, lẹ́yìn mi.

"Àbẹ̀kẹ́."

Orí mi kọ́ ló dá a lóhùn, orúnkún mi ni. Orúnkún mi tẹ̀, ẹnu mi ní "Sà", ọrùn mi yí padà láti wá ibi tó wà, ẹsẹ̀ mi yọ̀ kúrò, mo sì já sómi bí àpò ìrẹsì. Nígbà tí mo yọrí, àwọn yòókù ṣì wà lórí pèpéle, wọ́n ń wò mí. Adájọ́ ìdíje kan tó wọ aṣọ funfun na ọwọ́ sí mi pé kí n jáde. Ọkùnrin aláṣọ eré ìdárayá yẹn lọ bá wọn sọ̀rọ̀ pé ariwo ló fà á. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ tiwa ni ariwo ti wá. Ó tán. Wọ́n tún wọn tò láìsí èmi, wọ́n lúwẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti dé òdìkejì kí n tó rí aṣọ ìnura mi.

Ọ̀gá Fátúnlà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tíì rí i kó wolẹ̀ rí. Ó ní, "Gbogbo yín dé fìlà kan náà. Mi ò dá ọ mọ̀ láti òkè. Mo ní kí n pè ọ́ kí n mọ èyí tó jẹ́ ìwọ."

Mo gbé àpò mi kọ́ èjìká. Mo mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é, mo sì bínú sí i síbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ ibòmíràn, bí baba rẹ̀ bá pè é níbẹ̀, ṣebí etí rẹ̀ ò ní gbọ́. Ọmọ tiwa nìkan ló máa jẹ́ ìpè àgbà kó tó rántí pé Òlímpíìkì ni òun wà. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú títí a fi dé ilé.

Bí mo ṣe dé Adó, ọ̀rọ̀ ti débẹ̀ ṣáájú mi. Wọ́n ní ìpè ayé ni. Wọ́n ní àwọn ọ̀tá ló ti ilé pè mí, pé wọ́n ti kìlọ̀ fún èèyàn pé kó má jẹ́ ìpè tí kò mọ ẹni tó pè é. Mo ní ayé kọ́, Ọ̀gá Fátúnlà ni. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ni wọ́n yá lò. Ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì, wòlíì sì ní ṣebí òun ti sọ ọ́ láti kékeré pé òun rí mi láàárín omi púpọ̀. Mo wo ìyá mi, mo wo wòlíì, mo dìde, mo jáde. Bàbá mi nìkan ni kò sọ ti ayé. Ó béèrè pé ìdánwò mélòó ló kù.

Mo padà sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń pè mí ní Àǹtí. Wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé ìdánwò náà kalẹ̀, ọdún ti gorí ọdún, àkókò tí a ó tún fi wá àyè Òlímpíìkì mìíràn sì ti ṣí. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀sẹ̀ kan náà ni ìdánwò àti ìdíje tí wọ́n fi ń yan ẹni tó máa lọ tún bọ́ sí. Olórí ẹ̀ka pè mí sí ọ́fíìsì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún mi ní àga. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun lè sọ fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kó má sọ nǹkan kan.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó. Ìwé ìbéèrè wà níwájú mi, ọkàn mi wà ní etí omi. Ní àkókò tó yẹ kí n bẹ́ sómi, mo ń kọ̀wé nípa ohun tó ń sọ wàrà di kíkan. Mo sunkún díẹ̀ sí i. Mo yege. Nígbà tí n óò fi padà sínú omi dáadáa, èjìká mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóró, dókítà sì ní bí mi ò bá fi sílẹ̀, mi ò ní lè gbé apá náà dirun. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ parí sí.

Ní báyìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlúwẹ̀ẹ́ ní Adó. Nǹkan ti yàtọ̀. Fóònù là ń fi wo bí apá ọmọ ṣe ń lọ nínú omi, à ń dá a dúró, à ń tún un wò. Bẹ́ẹ̀ àwọn òbí kò béèrè bóyá ọmọ wọn ti mọ bí a ṣe ń mí, fọ́tò ni wọ́n ń béèrè. Mo máa ń lọ kí Ọ̀gá Fátúnlà nílé rẹ̀. A ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún àti èjìká tó ń dùn mí, a kì í sọ tọjọ́ yẹn. Ìbínú náà ti lọ. Ẹ̀dùn ọkàn náà ò lọ.

Bàbá mi kan ìwé-ẹ̀rí mi mọ́ ògiri lọ́jọ́ tí mo gbé e dé. Ó fi ọwọ́ nù ún, ó ní o ṣeun, ó lọ sóko. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà láàárín wa. Àfi ìgbà tí Òlímpíìkì tún bọ̀ ní àìpẹ́ yìí, tí mo lọ kí i ní Igbemo, tí mo bá a tó ti tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ de firísítáìlì àwọn obìnrin, èyí tó kúrú jù. Mo fẹ́ dìde jáde. Ó ní kí n jókòó. A jọ wò ó. Ó parí kí èèyàn tó mí dáadáa.

Ó wá béèrè, láìwò mí, pé ká ní mo lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tèmi, ipò wo ni ǹ bá ṣe.

Òun ló ní ìwé-ẹ̀rí ni òun fẹ́, mo ti kó o wá fún un, ó wà lókè orí rẹ̀ níbẹ̀, ó wá ń bi mí léèrè omi. Mi ò fi irọ́ pọ́n ọn lé. Mo ní, "Ìkẹyìn, Baba. Àwọn tí mo bá dúró yá jù mí lọ gbogbo wọn. Ìkẹyìn ni ǹ bá ṣe."

Ó gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì báyìí, kò rí ògiri dáadáa mọ́. "Mo lọ sóko lọ́jọ́ náà," ó ní. "Mo mọ àkókò tí o máa lúwẹ̀ẹ́, mo bá gbé àdá, mo jáde, kí o lè mọ̀ pé mo ń bínú. Ùkẹyìn náà, Àbẹ̀kẹ́, ká ní o ṣe é, tí mo sì jókòó síhìn-ín, ǹ bá ti rí i."

Mo pa tẹlifíṣọ̀n náà, mo sún àga mi mọ́ tirẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàpèjúwe bí omi ibẹ̀ ṣe mọ́ tó fún un.